Táńkì Tó Wúwo Ju Afárá Lọ: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Ọkọ̀ Ogun Àròsọ Kan ní Òṣogbo

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ní Òṣogbo ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní agbègbè Òkè-Fíà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Sólà ló ń gbé iná wọn. Bí òjò bá ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, ó di jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kan ń yàwòrán, ọ̀kan ń kọ kóòdù, ọmọbìnrin kan ló ń kọ ìtàn, ẹni kẹrin ń bójú tó owó àti ohùn. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ géèmù náà torí kò tíì jáde. Iṣẹ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí n máa ka ìwé ètò iṣẹ́ wọn, kí n sì sọ ibi tó ti ń jò fún wọn.

Ìtàn inú géèmù náà wáyé ní orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n fúnra wọn dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun: odò tó ń ṣẹ́ kọ́rọ́ nínú igbó, òkè àpáta bíi ti Ìrágbìjí, ọ̀nà ilẹ̀ pupa, oko kòkó, àkùrọ̀. Ọ̀tá ti gba òdìkejì odò. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú táńkì ogun kan ṣoṣo ni akọni ìtàn náà, wọ́n sì sọ táńkì yẹn ní Ẹfọ̀n. Bí Ẹfọ̀n bá dára, géèmù dára. Bí kò bá dára, kò sí ohun mìíràn tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹfọ̀n àkọ́kọ́ tí mo bá nínú ìwé ètò wọn jẹ́ tọ́ọ̀nù 82. Àgbá rẹ̀ jẹ́ 140 mm, ìbọn kéékèèké mẹ́ta wà lórí rẹ̀, irin ààbò rẹ̀ nípọn bákan náà níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní agbára ẹṣin 1,500. Àwòrán náà dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ti wá hàn kedere: ayàwòrán wo àwọn táńkì ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ṣa èyí tó tóbi jù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbára ẹṣin 1,500 ni ti Leopard 2 Jámánì àti Abrams Amẹ́ríkà. Leopard 2 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1979 wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 55, nítorí náà agbára ẹṣin bíi 27 ló ń ti tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ti Ẹfọ̀n kò ju 18 lọ. Ní ti àgbá 140 mm, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn dán an wò ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, lẹ́yìn náà wọ́n jáwọ́, wọ́n sì dúró sórí 120 mm. Kò sí ẹni tó bèèrè nínú àwọn ọmọ wa pé kí ló dé tí wọ́n fi jáwọ́.

Kóòdù ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ọmọkùnrin tó ń kọ ọ́ ti fún gbogbo nǹkan inú géèmù ní ìwúwo tirẹ̀: òkúta, igi, ọkọ̀, omi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Ẹfọ̀n sórí àkùrọ̀, ó rì títí ikùn rẹ̀ fi kanlẹ̀. Wọ́n ní kóòdù ti bàjẹ́. Kóòdù kò bàjẹ́ rárá. Ṣéènì ẹsẹ̀ Ẹfọ̀n fẹ̀ ní mítà 0.6, apá tó kan ilẹ̀ lára ṣéènì náà gùn ní mítà 4.6. Ṣéènì méjì ni, ilẹ̀ tó ń gbé e kò wá ju mítà onígun mẹ́rin 5.5 lọ. Bí ẹ bá pín tọ́ọ̀nù 82 sórí ìyẹn, ẹ ó rí nǹkan bíi kílò 1.5 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ọ̀dà lè gbà á. Àkùrọ̀ ìgbà òjò kò lè gbà á.

Ayàwòrán ní ìyẹn kò le. Ó fa ọkọ̀ náà gùn, ó sọ apá tó kan ilẹ̀ di mítà 6.2, ohun tó ń tẹ ilẹ̀ sì wálẹ̀ sí 1.1. Ẹfọ̀n kò rì mọ́. Ṣùgbọ́n kò yà mọ́. Ẹni tó ń gbá géèmù á tẹ bọ́tìnnì kí ó yà sọ́tùn-ún, Ẹfọ̀n á máa gbọ̀n, á máa gbẹ́ ilẹ̀, á wà lójú kan.

Níbi tó yẹ kí wọ́n ti jókòó, wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n lọ sínú kóòdù, wọ́n sọ ìwúwo Ẹfọ̀n di tọ́ọ̀nù 20, ṣùgbọ́n wọ́n fi 82 sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kà lójú kọ̀ǹpútà. Ó yà, ó sáré, ó gun òkè. Wọ́n wá pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan wá gbá a wò. Kò sí èyí tó mọ nǹkan kan nípa táńkì nínú wọn, síbẹ̀ ohùn wọn ṣọ̀kan: nǹkan yìí kò ní ìwúwo, ó ń fò lórí kòtò, bó bá yìnbọn ó ń ta sẹ́yìn. Ọ̀kan béèrè bóyá ọkọ̀ ọmọdé ni. Mo fẹ́ kí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ojú sí ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò mọ ìṣirò kankan mọ ìgbà tí ìṣirò kò péye, torí ojú rẹ̀ ti rí katakátá, ó ti rí tírélà, ó mọ bí nǹkan tó wúwo ṣe ń rìn.

Àbúrò ìyá ọmọbìnrin tó ń kọ ìtàn ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Ayétòrò, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé mẹkáníìkì ọkọ̀ ogun ló ṣe títí ó fi kúrò níbẹ̀. Ó ti tú Vickers Mk 3 palẹ̀, ó sì ti tò ó padà, ìyẹn táńkì alágbàá 105 mm tí Nàìjíríà rà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tẹ́ àwòrán sílẹ̀. Bàbá fi awò sójú, ó wò ó pẹ́.

"Ó mà tóbi o. Afárá wo ni ẹ fẹ́ kó gbà kọjá?"

"Afárá inú géèmù ni, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwa náà ni, sà."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ. Báwo ló ṣe lágbára tó?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Wọ́n ti ya afárá mẹ́ta sínú géèmù, ó rẹwà, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìkankan tó ní nọ́ńbà. Bàbá ní kí wọ́n fún òun ní bébà. Ó ní tírélà tó ru 600 àpò símẹ́ǹtì, ẹrù tọ́ọ̀nù 30 ló gbé, orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ táyà ni ó sì pín in sí, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ẹfọ̀n jẹ́ 1,640 àpò, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí mítà mẹ́fà péré. "Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́," ni ó wí, "kí a tó béèrè ìbọn wo ló wà lórí ọkọ̀, a máa ń béèrè ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀. Ẹ lọ kọ nọ́ńbà sára àwọn afárá yín ná."

Ohun tí bàbá yìí sọ kì í ṣe àṣà àdúgbò kan ṣoṣo. Ní 1943 sí 1944, Jámánì kọ́ táńkì kan tí wọ́n pè ní Maus, tọ́ọ̀nù 188. Wọ́n mọ̀ pé kò sí afárá tó máa gbà á, wọ́n wá ṣètò pé kó máa gba ìsàlẹ̀ odò kọjá. Kò jagun kankan. Tiger tiwọn tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo yẹn ní ṣéènì oríṣi méjì: ọ̀kan tó fẹ̀ fún ojú ogun, ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìgbà tí wọ́n bá gbé e sórí ọkọ̀ ojú irin, torí bó bá wọ èyí tó fẹ̀ yẹn, ara rẹ̀ á yọ kọjá ààyè tí ojú irin gbà á. Àwọn ọmọ wa ti fẹ́ fi ìpele kan sínú géèmù tí wọ́n á ti fi rélùwéè gbé Ẹfọ̀n gba ìlú kọjá, torí rélùwéè àtijọ́ tó gba Òṣogbo wà lójú wọn. Àlàfo irin méjèèjì ojú ọ̀nà yẹn jẹ́ mítà 1.067. Leopard 2 fẹ̀ tó mítà 3.7. Wọ́n wo nọ́ńbà méjèèjì, wọ́n pa ìpele náà rẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n pa àwòrán dé, wọ́n lọ sórí máàpù. Afárá ńlá lójú ọ̀nà ọ̀dà: tọ́ọ̀nù 50. Afárá oko kòkó: 15. Afárá onígi: kí ẹsẹ̀ nìkan gbà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè pé irú Ẹfọ̀n wo ló lè gbé ní ilẹ̀ yìí, wọ́n sì dá òpin rẹ̀ sí tọ́ọ̀nù 46 pẹ̀lú èèyàn, epo àti ọta nínú rẹ̀. Táńkì VT-4 tí Nàìjíríà rà lọ́wọ́ Ṣáínà, tó dé ní 2020, tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 52, nítorí náà 46 kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ẹ́ńjìnnì 1,200 tó fún un. Agbára ẹṣin 26 ló wá ń ti tọ́ọ̀nù kan, ó sì lé ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kéré sí i.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí tọ́ọ̀nù 36 gé kúrò? Ìjà tó ṣẹlẹ̀ lórí èyí ni mo gbọ́ jù lọ lórí fóònù. Ayàwòrán kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irin ààbò rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí táńkì tó nípọn yíká. Iwájú ni wọ́n ń fún ní èyí tó pọ̀ jù, torí iwájú ló máa ń kọ sí ọ̀tá. Ẹ̀gbẹ́ kéré sí i, ẹ̀yìn àti òrùlé ló tín-ín-rín jù. Iwájú pàápàá kì í ṣe irin lásán. Láti àwọn ọdún 1960 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe èyí tí wọ́n fi amọ̀ líle bíi tánganran àti irin tò léra, torí oríṣi ọta méjì ni táńkì ń sá fún, ìwà wọn ò sì jọra. Èkíní jẹ́ ọfà gígùn tí wọ́n fi tungsten, irin líle tó wúwo, ṣe tó ń sáré ju mítà 1,500 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò ní ẹ̀tù nínú. Eré àti ìwúwo rẹ̀ ló fi ń gún. Èkejì ni irú ti RPG, ohun ìjà tí ṣọ́jà ń gbé léjìká yìn: ẹ̀tù inú rẹ̀ ń fún abọ́ bàbà kékeré kan pọ̀ di okùn tín-ín-rín tó ń la irin kọjá. Ohun tó dá ọfà dúró lè má dá okùn bàbà dúró. Nígbà tí ayàwòrán lóye èyí, ó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Iwájú Ẹfọ̀n wá nípọn, ó dagẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní páànù tí wọ́n gbé jìnnà díẹ̀ sí ara ọkọ̀ kí RPG lè bú síta. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Àwòrán tuntun yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú mi, torí èèyàn wò ó, ó mọ ibi tí ìbẹ̀rù rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ pé kò yà, ojú títì ni wọ́n ti rí ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ọ̀nà kan lẹ́bàá ìlú, katakátá kan ń tú ilẹ̀ níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ kóòdù sì dúró wò ó ní gbogbo ọ̀sán. Katakátá kì í yí ẹsẹ̀. Ó ń dá ṣéènì kan dúró, èkejì á máa lọ, gbogbo apá tó kan ilẹ̀ á sì máa wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí apá náà bá ti gùn tó ni ilẹ̀ tó ń wọ́ ti pọ̀ tó. Bó bá sì ti fẹ̀ tó láàárín ṣéènì méjì ni agbára tó fi ń yà ti pọ̀ tó. Nǹkan méjì yẹn ni wọ́n ń fi wé ara wọn: bí gígùn lórí ilẹ̀ bá ti ju fífẹ̀ lọ ní ìlọ́po 1.8, ọkọ̀ á máa bá ara rẹ̀ jà. Ẹfọ̀n gígùn yẹn jẹ́ 6.2 sórí 2.7, ìyẹn 2.3. Wọ́n dá a padà sí 4.5, ó di 1.67. Pẹ̀lú tọ́ọ̀nù 46, ohun tó ń tẹ ilẹ̀ di nǹkan bíi 0.85. Ó gba àkùrọ̀ kọjá, ó fi ipa sílẹ̀, ó yà. Wọn kò tún fọwọ́ kan kóòdù ìwúwo mọ́ láti ìgbà yẹn.

Àgbá ló fa ìjà tó dùn jù, torí ọ̀rọ̀ irin wọ inú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọta 120 mm kan wúwo tó kílò 20 sí 25. Akìbọn, ìyẹn ẹni tó ń ki ọta sínú àgbá, lè gbé e bó bá lágbára, láti ibi àpótí dé ẹnu àgbá ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nínú ọkọ̀ tó ń jó. Ọta 140 mm tóbi, ó sì wúwo ju ohun tí ẹnì kan lè máa gbé bẹ́ẹ̀ léraléra lọ. Ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ máa kì í. Ìdáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ wà lára ìyẹn: àgbá yẹn ń fa ẹ̀rọ lẹ́yìn, ẹ̀rọ ń fa ilé àgbá tuntun (ìyẹn orí táńkì tó ń yí kiri, tí àgbá wà lára rẹ̀), ilé àgbá ń fa ìwúwo, ọta tí ọkọ̀ lè gbé sì ń dínkù.

Bí ẹ̀rọ bá ń kì í, akìbọn kò níṣẹ́ mọ́. Akìbọn inú ìtàn náà sì ni ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn, ọmọ Ìlobùú kan tó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí ọkàn gbogbo èèyàn bá ń já. Ọmọ tó ń kọ kóòdù ní kí wọ́n yọ ọ́, torí gbogbo táńkì ìgbàlódé ni ẹ̀rọ ń kì fún. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìtàn yarí. Wọ́n kọ lẹ́tà gígùn sí mi, ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí n gbè sẹ́yìn òun.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n wo ohun tí wọ́n ti ṣe kárí ayé. T-72 ti Rọ́ṣíà ní ẹ̀rọ, èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọta 22 sì tò yíká nínú abọ́ kan lábẹ́ ìjókòó wọn. Ìdí tó fi kúrú, tó sì fúyẹ́ nìyẹn. Ìdí yẹn kan náà ló fà á tí ilé àgbá rẹ̀ fi ń fò lọ sókè bí ọta ọ̀tá bá wọ inú rẹ̀, bí ayé ṣe rí i ní Iraq ní 1991 àti ní Ukraine láti 2022. Leclerc ti Faransé ní ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé àgbá, ó jìnnà sí èèyàn. Abrams fi èèyàn mẹ́rin sílẹ̀, ó kó ọta rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn irin kan, ó sì fi ìdérí tó rọrùn láti ṣí sí òrùlé ibẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọta bá bú, òkè ni iná máa gbà. T-14 tí Rọ́ṣíà fi han ayé ní Moscow ní 2015 kò fi èèyàn sínú ilé àgbá rárá. Àwọn mẹ́ta jókòó papọ̀ níwájú nínú àpótí irin. Kò sí èyí tí kò ní ohun tó ń san fún un.

Bàbá Ayétòrò ló wá parí ìjà, kò sì mọ̀ pé ìjà kankan wà. Wọ́n kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èèyàn mélòó ló dára. Ó ní, "Ṣéènì ti já mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ nínú igbó rí? Lóru? Kí ẹni mẹ́ta máa fà á, kí ẹnì kan máa ṣọ́nà. Bó bá jẹ́ mẹ́ta ni yín, ta ló máa ṣọ́ yín?"

Wọ́n fi akìbọn sílẹ̀. Àgbá di 120 mm, wọ́n sì mú èyí tó kúrú, tó gùn ní ìlọ́po 44 fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, ìyẹn mítà 5.28. Èyí tó gùn ní ìlọ́po 55 ń fi eré kún ọta, ṣùgbọ́n mítà 6.6 ni, nínú oko kòkó kò sì ní lè yíjú láìfi ẹnu gbá igi. Ọmọbìnrin yẹn ló rántí ogun Òṣogbo nígbà tí wọ́n ń sọ èyí. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin gbé ẹṣin wá síhìn-ín. Ní pápá, ẹlẹ́ṣin ni ọ̀gá. Nínú igbó, ẹṣin kò ríbi sáré, ogun Ìbàdàn sì ṣẹ́gun wọn. Ó ní kí ìdajì máàpù jẹ́ igbó tí Ẹfọ̀n kò lè dá wọ̀, tí akìbọn àti ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Ìpele tó dùn jù nínú géèmù náà nìyẹn báyìí. Bí Ẹfọ̀n tọ́ọ̀nù 82 tí wọ́n fi kóòdù sọ di 20 yẹn bá ṣì wà, kò ní sí i, torí ohun tí kò sí ibi tí kò lè dé kò ní ìtàn.

Òkè Ìrágbìjí náà gba tirẹ̀. Táńkì tó bá gbọ́n á dúró sẹ́yìn góńgó òkè, á yọ orí nìkan, á sì tẹ ẹnu àgbá wálẹ̀ wo àfonífojì. Àwọn táńkì Ìwọ̀-Oòrùn lè tẹ ẹnu àgbá wálẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 10. Àwọn ti Rọ́ṣíà máa ń wà láàárín 5 sí 6, torí bí ẹnu bá ń lọ sílẹ̀ ìdí àgbá ń gòkè nínú ilé, òrùlé wọn sì kúrú. Wọ́n fún Ẹfọ̀n ní 10, òrùlé rẹ̀ ga sí i, ó di ohun tí ọ̀tá tètè ń rí ní pápá. Mo fẹ́ràn pé wọn kò wá ọgbọ́n kankan fi bo ìyẹn.

Òrùlé yẹn náà ni dróònù ti wọlé. Ẹni tó gbá géèmù náà nípò ọ̀tá kò bá Ẹfọ̀n jà lójú kojú rárá. Ó gbé dróònù kékeré kan gòkè, ó ju ọta RPG sórí ilé àgbá, ó parí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ukraine gan-an nìyẹn. Èrò àkọ́kọ́ wọn ni kí wọ́n fi irin kún òrùlé, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù 46 ń wò wọ́n lójú. Wọ́n fi àgò irin fúyẹ́fúyẹ́ bò ó lórí bí àwọn ṣọ́jà ibẹ̀ ṣe ń ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan kún un tó ń fi rédà rí ọta tó ń bọ̀, tó sì ń yìnbọn pàdé rẹ̀, irú Trophy tí Ísírẹ́lì fi sára Merkava, táńkì tiwọn. Ẹ̀rọ yẹn dára, ṣùgbọ́n èérún irin rẹ̀ kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Bí akìbọn bá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ náà kó má ṣiṣẹ́. Òfin kékeré yìí mú kí ìpele igbó náà le sí i lọ́nà tí mo rò pé kò sí ẹni tó lè jókòó ronú rẹ̀.

Ọ̀dà ni mo fẹ́ yára sọ. Ọmọ Òṣogbo ni ayàwòrán, kò sì sí bí kò ṣe ní fi àdìrẹ sára táńkì. Ó ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ pẹ̀lú ìlà wínníwínní, aláwọ̀ aró. Nílẹ̀ pupa, ó tàn. Ó pàwọ̀ dà sí ti yangí àti ewé, síbẹ̀ ìlà kéékèèké wọ̀nyẹn ń yó pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo bí ọkọ̀ bá ti jìnnà díẹ̀, ara táńkì sì tún yọ kedere. Ó wá fa àwòrán náà tóbi, tó fi jẹ́ pé ìlà kan lè bo ìdajì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Nígbà náà ló tó fọ́ ara Ẹfọ̀n yẹ́lẹyẹ̀lẹ lójú ẹni tó ń wò láti òkèèrè, tí ẹni tó sún mọ́ ọn sì mọ̀ pé àdìrẹ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bóyá géèmù, fíìmù tí wọ́n fi àwòrán ṣe tàbí ìtàn àròsọ, ojú ìwé tí wọ́n ń lò báyìí ni mo máa ní kí ẹ jí. Kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbá. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀: afárá, ẹrọ̀fọ̀, igi, òkè, eruku. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn: mélòó ni wọ́n, kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ ṣe, ta ló ń ṣọ́nà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ìwúwo tí kò gbọ́dọ̀ kọjá tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi gègé pupa kọ ọ́. Àgbá wà nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ohun kan kún Ẹfọ̀n gbọ́dọ̀ kọ ohun tó máa yọ kúrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì buwọ́ lù ú. Mo ti rí ìwé ètò iṣẹ́ tó tó ojú ewé ọgọ́rùn-ún tí kò ní ìlà kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wá ẹni tó ti fi ọwọ́ kan irin rí. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀gágun. Mẹkáníìkì ló mọ ohun tó máa ń bàjẹ́. Bàbá ló sọ fún wọn pé eruku ọyẹ́ ń dí asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, tí táńkì á sì kú sójú ọ̀nà láìsí ọta kankan. Ó ti wọ inú géèmù: ní ìgbà ọyẹ́, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọn eruku kúrò lára asẹ́ yẹn.

Epo ni wọn kò tíì yanjú. Lítà 1,100 wà nínú Ẹfọ̀n, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 450 lójú ọ̀nà ọ̀dà àti ìdajì rẹ̀ nínú igbó, ọkọ̀ epo sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń bójú tó owó ní kò sẹ́ni tó máa ra géèmù kó wá máa ṣọ́ ọkọ̀ epo. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìtàn ti fún awakọ̀ ọkọ̀ epo náà ní orúkọ, ìyàwó àti gbèsè. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn mi wà, mo sì ti kọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.